Wásinmi

Oṣù Ọ̀pẹ wọlé, ọyẹ́ tẹ̀ lé e wá pẹ̀lú eyín.
Ètè mi là. Ilẹ̀ odò Ògùn náà là.
Àpáta tí a kò rí láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò
yọ ẹ̀yìn síta bí màlúù tó dùbúlẹ̀;
ibi tí omi ti bo àgbàlagbà lórí,
ewúrẹ́ ń gbà á kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tutù.
Ìyẹn ni ìṣòro mi.
Pẹ́pẹ́yẹ ò mọ̀ pé odò tó gbẹ kì í ṣe ọ̀nà.

Márùn-ún ni wọ́n. Mo fi orúkọ ibùdó rélùwè sọ wọ́n,
níbi tí mo ti ju àsíá aláwọ̀ ewé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n:
Ìfọ̀, Àró, Ọ̀pẹjì, Ọmí-Àdìó,
àti Wásinmi, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi.
Kérésì èṣí ni wọ́n bá dé, ìkòkò ni wọ́n ń lọ.
Fadérera, ọmọ ọmọ mi, ló béèrè orúkọ wọn.
Mo dárúkọ. Ó parí.
Ta ní í sọ ọmọ lórúkọ tán kó tún gbé ata kaná?

Ṣóbándé tó ń wa yanrìn nísàlẹ̀ Àgọ́-Ìkà
máa ń bi mí pé, "Ọ̀gá gáàdì, rélùwè yín ńkọ́?"
Mo máa ń ní, "Ó ń yé ẹyin."

Bí ilẹ̀ bá mọ́, n kì í tètè ṣílẹ̀kùn.
Kùrukùru ò jẹ́ kí n rí afárá Láfẹ́nwá,
ká má tíì sọ awọ́nríwọ́n tó na ara lé àpáta,
tó jọ igi, tó ń dúró de oòrùn.
Mo fi lẹ́búlẹ́bú pákó tẹ́ ilé wọn,
mo fi àpò sìmẹ́ǹtì dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé,
mo fi àlàfo ìka mẹ́ta sílẹ̀ lókè, nítorí mímí.
Lálẹ́, mo fi òrí pa gìgísẹ̀ mi;
èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́, mo fi ra ẹsẹ̀ Ọ̀pẹjì.
Ó mí sí mi, hàà, bí arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó.
Pẹ́pẹ́yẹ tiwa kì í pariwo.
Tó bá sọnù, kò ní ké pè ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo fọn fèrè,
fèrè gáàdì ọjọ́sí, idẹ rẹ̀ ti dúdú:
ẹ̀ẹ̀mejì gígùn, ẹ̀ẹ̀kan kúkúrú.
Ìfọ̀ dé. Àró dé. Ọmí-Àdìó ń ti Ọ̀pẹjì bọ̀.
Mo tún fọn. Ikọ́ ló dá mi lóhùn, ikọ́ tèmi.
Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo sọ̀ kalẹ̀ sínú odò tí kò sí,
mo ń ké, "Wásinmi! Wásinmi!"
Obìnrin kan tó ru igi ìdáná bọ̀ láti òdì kejì dúró,
ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ilé ṣì jìn."

Mo rí ìyẹ́ kan. Mo jókòó lé àpáta.
N kò ní purọ́: mo ronú kan ìkòkò ẹlòmíì,
mo ronú kan ohun tí n ó sọ fún Fadérera.

Ṣóbándé ló pè mí, ó fi ìka lé ètè,
ó mú mi dé ẹ̀bá ọkọ̀ ojú omi rẹ̀
tí odò gbàgbé sórí yanrìn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Nínú rẹ̀, láàárín okùn àti ṣọ́bìrì,
Wásinmi jókòó, ó tu ìyẹ́ àyà rẹ̀ tẹ́ ẹyin mọ́kànlá.
Ó mí sí wa, hàà.
Ṣóbándé ní, "Ọ̀gá gáàdì, ọkọ̀ mi ti ní èrò."

Ọjọ́ márùndínlógójì ni irú wọn fi ń sàba.
A fi àwọ̀n ẹja bo ọkọ̀ náà nítorí àwòdì,
a fi okùn méjì so ó mọ́ àpáta,
nítorí àwọn tó ń ṣọ́ ìsédò Ọ̀yán
kì í kọ̀wé sí pẹ́pẹ́yẹ kí wọ́n tó tú omi sílẹ̀.
Mo gbé ẹní wá, àti bùláńkẹ́ẹ̀tì rélùwè tó ti já.
Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, lẹ́nu iṣẹ́ òru lẹ́ẹ̀kan sí i.

Láàjìn, ọyẹ́ ń gé mi létí.
Omi díẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ àpáta, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ.
Mo di fèrè mú.
Ó ku ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.